Ọdẹ Ojo Tí Ó Ń Pa Ìlú Lẹ́rìn-ín

Ní Aba Ọdúntán, lọ́nà Ikeji-Arakeji, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ. Àgbẹ̀ kòkó ni. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà gùn débi pé bí ó bá ń bọ̀ láti oko, bí ẹni pé orúnkún rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Nínú gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé ní aba yẹn, n kò rántí ọjọ́ kan tí ó sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni rín sí. Bí àwọn ọkùnrin bá kó ara wọn jọ nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń dápàárá, yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi kan lọ́wọ́, bí ó bá sì sú u, yóò ní ó dàárọ̀ o, yóò lọ sùn. Ẹni tí ó bá sọ fún wa nígbà náà pé Ògúnṣẹ̀yẹ ni àwọn ènìyàn yóò máa fi rẹ́rìn-ín láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, a ó ní orí onítọ̀hún kò pé ni.

Phebe ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Iléṣà gan-an ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń yọ láàárín ti gbogbo obìnrin yòókù bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ. Oyún bàjẹ́ lára Phebe, òmíràn tún bàjẹ́. Èyí tí ó bí, kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ó fi padà. Àwọn ẹbí ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó mìíràn lábẹ́lẹ̀ kí Morónkẹ́ tó dé. Nígbà tí Morónkẹ́ wáá dé, tí ó sì dúró, kò sí ẹni tí ó tún pe Ògúnṣẹ̀yẹ ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Morónkẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Bí ìyàwó rẹ̀ náà ṣe ń pè é nìyẹn, Ìyá Morónkẹ́ ni òun náà sì ń pe ìyàwó. Ẹ máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná wọn láàárọ̀, "Bàbá Morónkẹ́, ẹ wá jẹun o," bí ẹni pé àdúrà ni obìnrin náà ń gbà.

Ọmọ náà kì í fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló máa ń gùn lọ sí oko. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń rín in, yóò tẹ̀ síwájú, yóò tẹ̀ sẹ́yìn, títí tí yóò fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín kì í ju pé adìyẹ kan sín lọ.

Ní ìparí ọdún 1953, nígbà tí ọyẹ́ mú, tí kòkó wà lórí ẹní ní gbogbo àgbàlá, ọkọ̀ kan wọ aba wa. Òyìnbó kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìbàdàn kan tí ń jẹ́ Adédìran, ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Adédìran ṣàlàyé fún Baálẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ya sinimá kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sinimá ẹ̀rín, èyí tí wọn yóò máa gbé kiri láti fi dá àwọn àgbẹ̀ lára yá.

Ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ kò le. Ọdẹ kan wà tí àwọn ará ìlú gbà pé kí ó máa ṣọ́ kòkó wọn. Ojo ni ọdẹ náà. Ó ń sá fún ewúrẹ́, ó ń sá fún òjìji ara rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn olè wá kó kòkó, òun ló kọ́kọ́ sá. Níbi tí ó ti ń sá, ó kọlu ilé oyin, oyin sì lé àwọn olè náà títí wọ́n fi kó sínú kòtò. Ni àwọn ará ìlú bá rò pé ọgbọ́n ọdẹ ni. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá, ojo di akọni.

Àkànó, aláwàdà aba wa, ni gbogbo wa rò pé yóò ṣe é. Òun náà sì ti wẹ̀, ó ti kun ìpara. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kó sá, ó máa ń wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya sinimá náà, yóò ṣẹ́jú sí i. Òyìnbó ń mi orí. Ibi tí a wà nìyí tí Ògúnṣẹ̀yẹ ń bọ̀ láti oko, tí ó ru apẹ̀rẹ̀ kòkó. Kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn yọ ní ẹ̀yìn ilé, ó rí ohun dúdú kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó kọjú sí i, ó sì rò pé ìbọn ni. Ó da apẹ̀rẹ̀ nù. Àwọn ẹsẹ̀ gígùn yẹn lọ́ mọ́ra wọn, ó fò sókè, ó balẹ̀ sórí agbọ̀n kòkó tútù tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó lọ fi orí gbá ògiri Baálẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ di ìhà. Òyìnbó fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń nu ojú.

Adédìran ní, "Òun nìyẹn! Òun ni ọ̀gá ń wá!"

Ojú ti Ògúnṣẹ̀yẹ bí ẹni tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jà. Ó ní òun kò ṣe, pé òun kì í ṣe òpònú fún ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ti ń lọ sínú ilé nígbà tí Morónkẹ́ sáré bá a. Ọmọ náà ti rẹ́rìn-ín títí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ẹ tún un ṣe! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe!"

Ìdí tí ó fi gbà nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn.

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan yà á. Ó ṣubú sínú odò, ó sá fún ewúrẹ́, ó gun igi kò lè sọ̀ kalẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ le koko bí ti ẹni tí ń gbẹ́ sàréè, èyí gan-an ló sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti ṣubú tán, yóò kọ́kọ́ wo apá ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn ọkùnrin gbé e sí èjìká, agbádá ń fẹ́ lára rẹ̀, gbogbo wa ń jó. Phebe ló di Morónkẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí wọ́n ti ní kí ọmọdé má ṣe kọjá níwájú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sáré wọ àárín wa, ó kọsẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí bàbá rẹ̀, ó ń rín. Ògúnṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí èjìká àwọn ọkùnrin, ó gbé e mọ́ra. Adédìran fẹ́ kígbe mọ́ wọn. Òyìnbó fi ọwọ́ dá a dúró pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún Ògúnṣẹ̀yẹ ní ohun tí wọ́n fún un, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n lọ. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ni wọn yóò ti fọ fíìmù náà, yóò sì pẹ́ kí ó tó dé.

Kí ọyẹ́ tó lọ tán ni èéyi wọ aba wa. Ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ òkè odò, lẹ́yìn náà ó kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Ojú Morónkẹ́ pọ́n, ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé Phebe kò lè fi ọwọ́ lé e pẹ́. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ó di pé ó ń mí bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, wọ́n pinnu láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Phebe pọ̀n ọ́n, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé títì láti dúró de lọ́rì.

Lọ́rì pẹ́. Oòrùn mú. Phebe ń mi ara, ó ń kọ orin fún un. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ó ti sùn, ìkọ́ náà ti dáwọ́ dúró." Ògúnṣẹ̀yẹ wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ó rí ọwọ́ ọmọ náà tí ó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀já. Ó jẹ́ kí obìnrin náà kọrin náà parí.

Ó wáá ní, "Ìyá Morónkẹ́, ká lọ ulé."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe nílé? Lọ́rì ń bọ̀."

"Ká lọ ulé," ni ó tún wí.

Àwọn àgbà ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, àwọn náà ló sì lọ sin ín. Wọn kì í fi ojú sàréè ọmọ han àwọn òbí rẹ̀. Títí di òní, n kò rò pé Ògúnṣẹ̀yẹ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bẹ́ẹ̀ ni Phebe kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Wọ́n ti pète pé bí ọdún Àjíǹde bá dé, àwọn yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò ní Iléṣà pẹ̀lú bàtà tuntun. Bàtà náà ni àwọn àgbà gbé lọ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ gbogbo, kí ojú ìyá rẹ̀ má baà máa rí i.

Ohun tí ó kù wáá le. Kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní Bàbá Morónkẹ́ àti Ìyá Morónkẹ́ mọ́. Àwa padà sí Ògúnṣẹ̀yẹ, a padà sí Phebe, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò rí ohun tí wọn yóò máa pe ara wọn. Bí oúnjẹ bá jinná, Phebe á gbé e sílẹ̀, á sì fi ìdí ṣíbí kan àwo kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́. Kò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní Jánúárì tí ó tẹ̀lé e, ìjọba dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ilé-ìwé nínú aṣọ tuntun. Ojú ọ̀nà ilé Ògúnṣẹ̀yẹ ni wọ́n ń gbà kọjá. Phebe ti ilẹ̀kùn, kò sì ṣí i títí àwọn ọmọ fi padà dé lọ́sàn-án.

Láàárín àkókò yẹn ni Mùyídéènì wá ra obì. Ará Òṣogbo ni Mùyídéènì, ó ń gbé ní àdúgbò Igbona níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí òun àti Ògúnṣẹ̀yẹ ti ń ṣe ọ̀rẹ́. Òun ló wá láti Òṣogbo tí ó wá sùn tì í nígbà tí ọmọ kú. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó, ó ń yí fìlà ká lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, sinimá yín ti dé. Wọ́n ṣe é ní ìlú wa lánàá. Wálàhí, gbogbo ìlú ló ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ Ojo ni wọ́n ń pè ọ́."

Ògúnṣẹ̀yẹ ní, "Kí wọ́n máa rín."

Mùyídéènì wo ẹ̀yìn bóyá Phebe wà nítòsí. Ó wáá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ náà wà níbẹ̀."

"Ọmọ wo?"

"Morónkẹ́. Mo rí i. Ó ń sáré, ó ń rín."

Ògúnṣẹ̀yẹ kò dé inú ilé kó tó tẹ̀lé e. Ó wọ lọ́rì tí Mùyídéènì bá wá, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé sinimá náà ṣe ní pápá ìṣeré kan ní Òṣogbo. Wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì, ọkọ̀ àwọn onísinimá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ iná ń hó. Adédìran yẹn náà ló di gbohùngbohùn mú, nítorí sinimá náà kò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀; òun ló ń sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí ń lọ. Sikirat, ìyàwó Mùyídéènì, ti fi ẹní gbàyè sílẹ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ kò jókòó.

Ó rí ara rẹ̀ lórí aṣọ náà, ó ga ju ilé lọ. Ó rí i tí ó ń ṣubú. Àwọn ènìyàn ń pariwo, àwọn àgbàlagbà ń lu ara wọn lẹ́yìn. Adédìran ń ké pé, "Ẹ wo ọdẹ yín o! Ewúrẹ́ ti lé e!" Ẹ̀rín náà ń kọjá lórí rẹ̀ bí òjò tí kò kan ara. Ó ń dúró. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n wọ̀ ọ́ ní agbádá. Ọmọ náà sì yọ.

Kò pẹ́ ju àkókò tí ènìyàn fi ń gbé ife omi mu lọ. Ó sáré, ó kọsẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó rín. Lẹ́yìn náà, iná tàn.

Ògúnṣẹ̀yẹ dún. Kì í ṣe igbe, kì í ṣe ẹkún. Mùyídéènì sọ fún mi pé òun kò mọ ohun tí òun lè pe ohùn náà. Àwọn tí ó wà níwájú wẹ̀yìn, wọ́n sì rí ọrùn gígùn náà, wọ́n rí ojú náà.

"Ọdẹ Ojo! Ọdẹ Ojo rèé o!"

Pápá náà dà lé e lórí. Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti gbé e sí èjìká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i nínú sinimá. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń na ọwọ́, ó ń kígbe pé, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ọmọ mi ti kú! Ọmọ tí ẹ rí yẹn ti kú!" Wọ́n túbọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Gbọ́ ọ, ó tún ń ṣe é! Ọlọ́run ló dá eléyìí!" Wọ́n gbé e yí pápá ká. Mùyídéènì ń ti àwọn ènìyàn, ó ń pariwo pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Sikirat ló bú sẹ́kún, ó dùbúlẹ̀ gbalaja síwájú àwọn tí wọ́n gbé e, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ènìyàn ì bá rò pé kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ sinimá náà mọ́ lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ àwọn onísinimá lọ sí Ìlobùú, ó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n lọ sí Ẹdẹ, ó wà níbẹ̀. Ó dé Ìkìrun. Ó wé aṣọ mọ́rí títí dé imú kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ó sì máa ń dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ta ẹ̀pà. Bí ó bá ti rí ọmọ náà tán, á yí padà, á lọ wá ibi tí yóò sùn sí.

Oko rẹ̀ kún. Èso kòkó ń dúdú lórí igi, kò sí ẹni tí ó ká a. A bá a ro díẹ̀, àwa ará aba, ṣùgbọ́n oko ti oníkálukú ń dúró dè é. Bí ó bá padà wálé, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á máa wo òkèèrè. Àwọn ọmọdé ń lúgọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ń ké "Ọdẹ Ojo!", wọ́n ń dúró kí ó ṣubú.

Phebe kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ó sọ ọ́, gbogbo aba ló gbọ́.

"O ń lọ bá ọmọ mi níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín! Ojoojúmọ́ lo ń lọ wò ó, ojoojúmọ́ lo sì ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tí o ń bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo. Èmi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ nù. Ìwọ ò jẹ́ kó kú tán."

Ògúnṣẹ̀yẹ ní, "Wá bá mi lọ. Wọ́n ń bọ̀ ní Iléṣà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí obìnrin náà ti ń gbálẹ̀, ó dúró, ó sì bi í léèrè láìgbé ojú sókè pé, "Kí ló wọ̀?"

"Ta ni?"

"Ọmọ mi. Nínú sinimá yẹn. Aṣọ wo ló wọ̀? Ṣé eléyìí tí mo gé lára ìró mi ni, àbí aláwọ̀ ewé tí ìyá mi rà?"

Dúdú òun funfun ni sinimá náà. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ọmọ náà nìkan ni Ògúnṣẹ̀yẹ ń wò láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun kò mọ̀.

"O ti wò ó tó báyìí, o ò mọ aṣọ tó wọ̀." Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Èmi fúnra mi ni yóò lọ wò ó."

Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Iléṣà, Phebe wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di irun, ó fi atike díẹ̀ sójú. Èmi àti àwọn bíi mélòó kan láti aba jọ bá wọn lọ, nítorí a rò pé bí ó bá dákú, kí ènìyàn wà tí yóò gbé e. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò ì tíì lọ tán tí ó ti dúró síwájú aṣọ funfun náà, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Mo rí i, n kò rí irú rẹ̀ láàárín wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pọ̀n ọmọ lọ sí títì.

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Iléṣà rẹ́rìn-ín ju ti Òṣogbo lọ, nítorí wọ́n mọ àwọn igi àti ọ̀nà tí ó wà nínú rẹ̀. Fíìmù náà ti gbó; àwọn ìlà funfun ń rọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò. Oyin lé àwọn olè. Wọ́n kó sínú kòtò. Phebe kò mí. Wọ́n gbé Ògúnṣẹ̀yẹ sí èjìká, agbádá ń fẹ́. Ògúnṣẹ̀yẹ tẹ̀ mọ́ etí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀ báyìí. Apá ọ̀tún. Wo apá ọ̀tún."

Aṣọ náà ta kìjí, ó sì di funfun. Iná tàn. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́.

Phebe ṣì ń wo apá ọ̀tún. Ó yí sí ọkọ rẹ̀, ó sì pariwo tí gbogbo àwọn tí ó wà nítòsí fi dákẹ́: "Bàbá Morónkẹ́! Ọmọ mi dà?"

Ògúnṣẹ̀yẹ ti ń la àwọn ènìyàn kọjá lọ sídìí ọkọ̀. Ó bá Adédìran tí ń ká okùn iná.

"Ọmọ tí ó wà níparí dà?"

Adédìran dá a mọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Há, Bàbá Ọdẹ! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ wo?"

"Ọmọbìnrin tí ó sáré. Tí mo gbé."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ yẹn. Fíìmù náà já lọ́wọ́ wa nígbà tí a tún padà sí apá Ẹdẹ lẹ́yìn Ìkìrun, ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. A gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, a lẹ ìyókù pọ̀. Kò ba ìtàn jẹ́, àbí? Àwọn ènìyàn ṣì ń rín dáadáa."

"Èyí tí ẹ gé ńkọ́? Níbo ló wà?"

"A dà á nù, sà. Kò wúlò mọ́."

"Ṣé kò sí òmíràn? Ní ìlú òyìnbó?"

Adédìran ní òun kò mọ̀, pé òun yóò bi ọ̀gá òun. Ó wáá rí ojú Phebe, tí ó ti dé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé? Ọmọ yẹn, ṣé ara rẹ̀ le?" Nígbà tí mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo sọ fún un, ó jókòó sórí àpótí irin tí wọ́n ń kó fíìmù sí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀." Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ ńkọ́? Fíìmù náà ti já.

Ògúnṣẹ̀yẹ lọ sí Ẹdẹ. A kò lè dá a dúró. Ó wá inú igbó lẹ́bàá pápá tí wọ́n ti ṣe sinimá náà, ó wá orí ààtàn. Òjò ti rọ̀, wọ́n sì ti dáná sun ààtàn náà. Nígbà tí ó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún eérú.

Phebe gbé omi fún un. Ó ní kí ó jókòó, kí ó sọ ọ́ fún òun, gbogbo bí ọmọ náà ṣe ṣe. Ògúnṣẹ̀yẹ sọ ọ́: ó sáré, ó kọsẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́, ó rín.

"Báwo ló ṣe rín?"

"Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí."

Phebe mi orí. "Morónkẹ́ kì í la ojú bó bá ń rín. Ó máa ń di ojú pinpin ni."

"Mo rí i pẹ̀lú ojú mi."

"Èmi ni mo bí i!"

Wọ́n jà lé e lórí. Wọ́n jà débi pé a sáré lọ là wọ́n. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìjà ti tán. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri kan náà, wọ́n ń sunkún. A rọra padà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ògúnṣẹ̀yẹ tó wọ oko padà. Àwọn igi kan ti kú, ó gé wọn. Phebe kò bímọ mọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí tún dá ọ̀rọ̀ ìyàwó mìíràn sílẹ̀, Ògúnṣẹ̀yẹ dìde kúrò láàárín wọn láìfọhùn, kò sì dé ibi ìpàdé ẹbí fún ọdún kan gbáko.

Ní ọdún 1957, òyìnbó yẹn tún wá pẹ̀lú Adédìran. Wọ́n ní àwọn ènìyàn káàkiri ń béèrè Ọdẹ Ojo, pé wọ́n fẹ́ ya òmíràn. Adédìran kò fẹ́ kí wọ́n wá, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó wá, ó kí wọn, ó sì dúró síbi tí wọ́n ní kí ó dúró sí. Wọ́n ní kí ó sá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró. Òyìnbó sọ̀rọ̀, Adédìran kò túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ní kí ó sá. Ó wo apá kan, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé tò sí, ó wò ó pẹ́. Ó wáá bọ́ fìlà ọdẹ tí wọ́n dé fún un, ó fún Adédìran, ó sì lọ sílé.

Àkànó ni wọ́n padà mú. Ó ti kọ́ bí a kì í ṣẹ́jú sí ẹ̀rọ. Ó ṣubú, ó yí gbirigbiri, gbogbo aba ń pariwo ẹ̀rín, àwọn ọmọdé ń fò sókè. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó pani lẹ́rìn-ín ní tòótọ́. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ògúnṣẹ̀yẹ kọjá. Òun àti Phebe jókòó sẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n obì wà láàárín wọn, wọ́n ń bó o. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Phebe nìkan ló dáhùn.